Vanuatu: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ilẹ̀ rẹ̀, èdè rẹ̀ àti ìtàn ìṣèlú rẹ̀

Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló ń gbé ní Vanuatu, síbẹ̀ èdè ìbílẹ̀ wọn lé ní 100. Àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù nípa orílẹ̀-èdè náà ni a dáhùn sísàlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìṣèlú ibẹ̀, kó má ṣe fo apá tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ àti èdè. Ohun tó ń da ìjọba wọn rú lónìí, àti ohun tó so wọ́n pọ̀ tí wọn kò fi tú ká, láti ibẹ̀ ni ó ti wá.

Níbo ni Vanuatu wà?

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì. Fiji wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Solomon Islands wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, New Caledonia tí ilẹ̀ Faransé ń ṣàkóso sì wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Láti ibẹ̀ dé àríwá Ọsirélíà tó nǹkan bí 1,750 kìlómítà. Wákàtí mẹ́wàá ni aago wọn fi ṣáájú ti Nàìjíríà: bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù ní Èkó, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Port Vila, olú-ìlú wọn.

Erékùṣù mélòó ni, èwo ló sì ṣe pàtàkì?

Nǹkan bí 83 ni, ènìyàn sì ń gbé lórí bí 65 nínú wọn. Wọ́n tò láti àríwá sí gúúsù bíi lẹ́tà Y, láti òpin kan dé èkejì sì tó 1,300 kìlómítà. Ṣùgbọ́n bí a bá da gbogbo ilẹ̀ wọn pọ̀, kò ju nǹkan bí 12,190 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Òkun ló gba ìyókù. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oògùn, àpótí ìbò, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù kékeré kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń retí rẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá lọ lọ́sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn erékùṣù tó jìnnà lè wà láìsí oògùn.

Espiritu Santo, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Santo, ló tóbi jù. Orí rẹ̀ ni òkè Tabwemasana wà, tó ga ní mítà 1,879, òun ló ga jù lórílẹ̀-èdè náà. Luganville, ìlú kejì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Malakula ló tẹ̀ lé Santo ní títóbi. Efate ni Port Vila wà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni Erromango, Ambrym, Tanna, Pentecost, Ambae àti àwọn kéékèèké.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ní ọdún 1994. Orúkọ wọn máa ń rú àlejò lójú, àfi tó bá mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn erékùṣù ni wọ́n so pọ̀. Torba jẹ́ Torres àti Banks. Sanma jẹ́ Santo àti Malo. Penama jẹ́ Pentecost, Ambae àti Maewo. Malampa jẹ́ Malakula, Ambrym àti Paama. Shefa jẹ́ Shepherd àti Efate. Tafea sì jẹ́ Tanna, Aniwa, Futuna, Erromango àti Aneityum. Ẹni tó bá mọ èyí lè fojú inú wo máàpù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣí ìwé.

Ẹ kíyè sí i pé erékùṣù kan lè ní orúkọ méjì nínú ìwé. Ambae ni wọ́n ń pè ní Aoba tẹ́lẹ̀, Aneityum náà sì ni Anatom. Ìwé àtijọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa New Hebrides, Vanuatu náà ló ń sọ.

Kí ló dé tí ilẹ̀ ń mì níbẹ̀, tí òkè sì ń yọ iná?

Abala èèpo ilẹ̀ ayé tí Ọsirélíà wà lórí rẹ̀ ń rì wọ abẹ́ abala ti Pàsífíìkì, ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù náà gan-an. Ibi tí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè ayọnáyèéfín kì í jìnnà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìmìtìtì tó lágbára tó 7.3 wó ilé ní Port Vila, ó sì pa ènìyàn.

Yasur, ní Tanna, ni òkè ayọnáyèéfín tí àlejò máa ń lọ wò jù. Kò ga, mítà 361 péré ni, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Ìjọba máa ń fi nọ́ḿbà láti 0 dé 5 kéde ipò òkè kọ̀ọ̀kan, bí nọ́ḿbà bá sì ti ń gòkè ni ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ dé ń fẹ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó gun Yasur, nọ́ḿbà ọjọ́ náà ni kó kọ́kọ́ béèrè.

Ti Ambae ló dun àwọn ará ibẹ̀ jù. Ní ọdún 2017, wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń gbé erékùṣù náà, nǹkan bí 11,000, kúrò nílé. Wọ́n padà, eérú tún dé ní ọdún 2018, wọ́n tún kó wọn. Kì í ṣe iná nìkan ni ẹ̀rù. Eérú máa ń wọ táǹkì omi òjò, omi náà kò ní ṣeé mu mọ́. Ó máa ń bo ewé ọ̀gbìn títí yóò fi kú. Bí òjò bá rọ̀ sí i lórí òrùlé, ó di ẹrù tó lè wó ilé. Ìṣòro tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tí wọ́n kó lọ sí Santo tàbí Maewo kò ní oko níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ló ní ẹbí tó ni ín, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Àsìkò ìjì líle ni láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin. Ìjì Pam jà ní oṣù Kẹta ọdún 2015, Harold ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Judy àti Kevin sì jà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ní oṣù Kẹta ọdún 2023.

Ta ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀?

Àwọn atukọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lapita dé ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ohun eléyín tẹ̀ ní àrà ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n rí ibi ìsìnkú wọn ní Teouma, lórí Efate, ọ̀kan nínú èyí tó lọ́jọ́ lórí jù ní Pàsífíìkì. Àyẹ̀wò egungun fi hàn pé àwọn ará Lapita àkọ́kọ́ jọ àwọn ará Ìlà-oòrùn Éṣíà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá láti apá New Guinea, tí ìran wọn sì wá borí. Ṣùgbọ́n èdè àwọn ará àkọ́kọ́ kò kú. Òun ni àwọn tó dé lẹ́yìn náà gbà sọ. Irú èyí kò wọ́pọ̀ nínú ìtàn ayé, ó sì yẹ kí ẹni tó bá rò pé ẹ̀jẹ̀ àti èdè kì í yà ronú lé e lórí.

Èdè mélòó ni wọ́n ń sọ gan-an? Ìwé kan ní 113, òmíràn ní 138.

Kò sí èyí tó parọ́. Ibi tí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan fa ìlà sí láàárín èdè àti ẹ̀ka-èdè ló yàtọ̀. Ẹni tó ka èdè abúlé méjì tó gbọ́ra wọn yé díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀kan yóò ní iye tó kéré. Ẹni tó kà wọ́n sí méjì yóò ní púpọ̀. Àwọn mìíràn tún ka èdè tó ṣẹ́ku ẹnu arúgbó díẹ̀. Iye yòówù tí ẹ bá mú, kò sí orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ pọ̀ tó báyìí bí a bá fi wé iye ènìyàn rẹ̀. Bí a bá pín ènìyàn ibẹ̀ fún èdè 138, kò ju nǹkan bí 2,000 tí yóò kan èdè kọ̀ọ̀kan.

Tanna nìkan ní márùn-ún: èdè Àríwá Tanna, Whitesands, Lenakel, Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Tanna àti Kwamera. Malakula ní ju ọgbọ̀n lọ. Raga àti Apma wà ní Pentecost. Ẹbí kan ni gbogbo èdè ìbílẹ̀ náà, ẹbí Austronesia. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ìbátan èdè Samoa àti Tonga, torí àwọn ará Polynesia padà tukọ̀ wá láti ìlà-oòrùn: èdè Emae, ti Mele àti Ifira nítòsí Port Vila, àti ti Futuna àti Aniwa.

Èdè kékeré kan tún wà tí ó rìn jìnnà. Mota jẹ́ èdè erékùṣù kékeré kan ní Banks, ṣùgbọ́n ìjọ Áńgílíkà mú un ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fi kọ́ni, ó sì fi wàásù káàkiri Melanesia, ìyẹn àwọn erékùṣù agbègbè náà, títí kan Solomon Islands.

Ṣé òkè àti òkun ló yà wọ́n sọ́tọ̀ tí èdè fi pọ̀ báyìí?

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń fúnni nìyẹn, kò sì tó. Àwọn tó ń gbé erékùṣù kan náà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹní, ló ń sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 3,000 ọdún sẹ́yìn, èdè kan tàbí díẹ̀ tó jọra ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé kò sí ìjọba ńlá kan tó borí àwọn yòókù tí yóò fi èdè rẹ̀ lélẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu tòun yàtọ̀. Kí ọmọ gbọ́ èdè bàbá, ti ìyá àti ti abúlé kejì jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀. Kì í ṣe àìmọra wọn ló bí èdè púpọ̀.

Ewu tó wà lónìí kò ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé wá tó bó ṣe ti Bislama wá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá láti Tanna, tí ìyá rẹ̀ wá láti Malakula, tí wọ́n sì bí sí Port Vila, Bislama ni yóò kọ́kọ́ sọ, ó sì lè má sọ èdè bàbá tàbí ti ìyá.

Kí wá ni Bislama?

Òun ni èdè tó so gbogbo wọn pọ̀, a kò sì lè sọ ìtàn òmìnira wọn láìdárúkọ rẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu àwọn atukọ̀, àwọn tó ń gé igi sandalwood àti àwọn tó ń kó ẹran òkun kan tí àwọn ará Ṣáínà máa ń rà, èyí tí a ń pè ní bêche-de-mer. Láti orúkọ ẹran òkun náà ni Bislama ti jáde. Inú oko ìrèké Queensland, ní Ọsirélíà, ni ó ti wá gbèrú, torí níbẹ̀ ni àwọn ọmọ erékùṣù tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n mú un padà sílé.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ní púpọ̀, pẹ̀lú Faransé díẹ̀, ṣùgbọ́n èdè ìbílẹ̀ ló to gbólóhùn rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ya “àwa” sọ́tọ̀. *Yumi* ni èmi àti ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀. *Mifala* ni èmi àti àwọn ènìyàn mi, láìsí ẹ̀yin níbẹ̀. *Yumitu* ni èmi àti ìwọ péré. *Mitufala* ni èmi àti ẹnì kan, kì í ṣe ìwọ. *Mitrifala* ni àwa mẹ́ta láìsí ìwọ. Olóṣèlú tó bá dìde níwájú èrò tó sọ *mifala* dípò *yumi* ti yọ àwọn tó ń gbọ́ ọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ Píjìn Nàìjíríà yóò rí ọ̀rọ̀ tó mọ̀. *Pikinini* wọn àti “pikin” wa, *save* wọn àti “sabi” wa, láti inú èdè Potogí ni wọ́n ti jáde, àwọn atukọ̀ ló gbé wọn kiri. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn má ṣe tan ẹnikẹ́ni. *Kilim* ni kí ènìyàn lu nǹkan. Bí ó bá kú ni wọ́n ń sọ pé *kilim i ded*. *Bagarap* túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́, kì í ṣe èébú. *Long* ń ṣiṣẹ́ “ní”, “sí” àti “láti”, *blong* sì ni ti oníǹkan: *haos blong mi*, ilé mi.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ńkọ́?

Òfin-ìpìlẹ̀ pe Bislama ní èdè orílẹ̀-èdè. Bislama, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè ìjọba mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni òfin náà yàn fún ẹ̀kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni wọn kò fi kọ́ ọmọ níwèé. Nígbà tó yá ni ìlànà ẹ̀kọ́ wá gba èdè ìbílẹ̀ tàbí Bislama láàyè fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ọdún àkọ́kọ́ wọn nílé ìwé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ibi tó ti ń ṣòro ni ìwé kíkà: ta ni yóò tẹ ìwé fún èdè tí 800 ènìyàn ń sọ, tí wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe kọ ọ́?

Ìgbà wo ni òyìnbó dé, kí sì ni wọ́n ṣe?

Queirós, atukọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Sípéènì, dé Santo ní ọdún 1606, òun ló fún un lórúkọ. Bougainville, ará Faransé, dé ní 1768. James Cook dé ní 1774, ó sì pe gbogbo erékùṣù náà ní New Hebrides, orúkọ tó lò títí di 1980.

Igi sandalwood ni wọ́n kọ́kọ́ wá gbé, láti àwọn ọdún 1820. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kó ènìyàn. Láti 1863, ọkọ̀ ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí oko Queensland. Àwọn kan fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́ta, àwọn kan ni wọ́n tàn, àwọn kan ni wọ́n jí gbé. Owó iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́fà. Àwọn ọmọ Pàsífíìkì tí wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 62,000, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti erékùṣù tí a ń sọ yìí. Ní 1901 ni Ọsirélíà ṣe òfin tó fòpin sí i, ó sì ní kí wọ́n lé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà padà. Èéyi àti àwọn àrùn mìíràn tí ọkọ̀ kó wá pa àwọn tó kù nílé débi pé abúlé mìíràn pa rẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba méjì ló wà lórí ilẹ̀ kan?

Òótọ́ ni. Àwa Yorùbá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín wa: Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọwọ́ kan, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta bọ́ sí èkejì. Ní New Hebrides, wọn kò fa ìlà kankan. Ní 1906, àwọn méjèèjì jókòó sórí ilẹ̀ kan náà pọ̀.

Ajẹ́lẹ̀ méjì ló wà. Ọlọ́pàá méjì, aṣọ wọn yàtọ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì, ilé ìwé méjì, ilé ìwòsàn méjì, owó méjì. Àjùmọ̀ṣe wọn, bíi ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ọ̀nà, di ìjọba kẹta. Ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ní adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan àti Faransé kan, wọ́n sì ní kí ọba Sípéènì yan ààrẹ rẹ̀ kó má bàa ṣègbè. Àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ yan èyí tí yóò wà lábẹ́ òfin rẹ̀.

Onílẹ̀ kò ní yíyàn. Òfin kò kà á sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kò kà á sí ọmọ Faransé, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kò ní ìwé ìrìnnà tó ń fi hàn pé ó ti ibì kankan wá. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ju 70 ọdún lọ. Èyí ni ìwà ìkà tó wà nínú ètò náà, ó sì ṣe pàtàkì ju ẹ̀rín tí àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó máa ń fi rín in nítorí aṣọ ọlọ́pàá méjì.

Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ́kọ́ mi ètò náà. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà dé ní 1942, wọ́n sọ Santo di ibùdó ńlá. Àwọn ará erékùṣù rí ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ń wa ọkọ̀, tó sì ń lo irinṣẹ́ kan náà pẹ̀lú òyìnbó. Ní Tanna, ẹgbẹ́ John Frum, tó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé, tó ń kọ ẹ̀sìn àti àṣẹ òyìnbó, tún le sí i. Nígbà tí ogun parí, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọkọ̀ àti ẹ̀rọ wọn sínú òkun nítòsí Luganville. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Million Dollar Point títí di òní.

Báwo ni wọ́n ṣe gba òmìnira, kí sì ni ogun Santo 1980?

Ilẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn òyìnbó tó ní oko àgbọn ní etíkun Santo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igbó láti sin màlúù. Jimmy Stevens àti àwọn baálẹ̀ dá Nagriamel sílẹ̀, Fanafo sì ni ibùdó wọn, láti gba ilẹ̀ náà padà. Ní 1971, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ tó padà di Vanua'aku Pati. Walter Lini, àlùfáà Áńgílíkà láti Pentecost, ni olórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ òmìnira kíákíá. Àwọn tó kàwé ní Faransé, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò gba gbogbo ipò, fẹ́ kó falẹ̀. Báyìí ni ilé ìwé méjì di ẹgbẹ́ òṣèlú méjì.

Nínú ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún 1979, Vanua'aku Pati gba àga 26 nínú 39. Stevens kò gbà. Àwọn Faransé tó ní oko ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń wá ilẹ̀ tí kò ní owó orí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, àwọn ènìyàn rẹ̀ gba Luganville, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ọrun àti ọfà, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Vemerana. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kó ọmọ ogun wá ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, torí ìlú méjèèjì kò fẹnu kò.

Òmìnira dé ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1980, Santo sì wà lọ́wọ́ Stevens síbẹ̀. Lini ké sí Papua New Guinea. Ọmọ ogun wọn dé ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n yìnbọn pa ọmọ Stevens ní ibi tí wọ́n dí ọ̀nà. Bàbá náà juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá àtààbọ̀, ó jáde ní 1991, ó sì kú ní 1994. Ó yẹ kí a rántí pé ẹ̀dùn ilẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, àwọn tó lò ó nígbẹ̀yìn ni kò bìkítà fún ilẹ̀ náà.

Ta ló wá ni ilẹ̀ lónìí?

Àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ àti ìran wọn. Òfin-ìpìlẹ̀ sọ ọ́ kedere ní Abala 73, gbogbo ilẹ̀ tí òyìnbó ti rà sì padà ní ọjọ́ òmìnira. Àjèjì kò lè ra ilẹ̀ láéláé. Ó lè yá a, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 75 lọ. Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni pé bí ẹbí méjì bá ń jà lórí ilẹ̀ kan, mínísítà lágbára tẹ́lẹ̀ láti fọwọ́ sí yíyá a dípò wọn. Ọ̀pọ̀ etíkun Efate bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Àtúnṣe òfin tí Ralph Regenvanu, mínísítà ilẹ̀ nígbà náà, darí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, gba agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ mínísítà, ó ní kí wọ́n yanjú ẹni tó ni ilẹ̀ ní nakamal, ilé ìpàdé ìbílẹ̀, kí gbogbo ẹbí tó ni ín sì gbà kí wọ́n tó yá a fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé wọ́n ń ta ìwé ìrìnnà lóòótọ́?

Wọ́n ní ètò tí àjèjì fi ń sanwó di ọmọ ìlú, nǹkan bí 130,000 dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá sọ pé yóò gbé yín dé Yúróòpù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ẹni tó ní ìwé Vanuatu gba físà láti oṣù Keje ọdún 2023. Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù dá ìwọlé láìgba físà dúró ní 2022, ó sì fagi lé e pátápátá ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nítorí ètò títà yìí gan-an. Ẹni tó bá sì rà á kò lè torí rẹ̀ di onílẹ̀.

Kí ló dé tí olórí ìjọba wọn kì í pẹ́ lórí oyè?

Aṣòfin 52 ló wà, ọdún mẹ́rin ni sáà wọn, àwọn ló sì ń yan olórí ìjọba. Ààrẹ wà, ṣùgbọ́n kò ní agbára ìṣàkóso. Àwọn aṣòfin àti àwọn olórí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń yàn án fún ọdún márùn-ún. Láti yọ olórí ìjọba, ìdá kan nínú mẹ́fà àwọn aṣòfin, ìyẹn mẹ́sàn-án, yóò buwọ́ lu ìwé, wọn yóò fún olórí ilé aṣòfin ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹni 27 yóò sì dìbò. Bí ìjọba bá ní 28, ẹni mẹ́ta péré ló nílò láti sọdá.

Ọ̀nà ìdìbò ló tún dá kún un. Àdúgbò kan lè ní àga márùn-ún tàbí mẹ́fà, ṣùgbọ́n olùdìbò ní ìbò kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó bá fa ènìyàn púpọ̀ kalẹ̀ yóò pín ìbò ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹni tó bá sì ní ìbò abúlé rẹ̀ nìkan lè wọlé. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ kéékèèké fi pọ̀. Ní 2023, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ipò náà kúrò lọ́wọ́ Ishmael Kalsakau, ó bọ́ sọ́wọ́ Sato Kilman, ó sì tún bọ́ sọ́wọ́ Charlot Salwai.

Ti 2015 burú jù. Ilé ẹjọ́ dá àwọn aṣòfin mẹ́rìnlá lẹ́bi pé wọ́n fi owó ra ìbò ara wọn. Ààrẹ Baldwin Lonsdale wà lókè òkun. Olórí ilé, Marcellino Pipite, tó ń delé dè é, wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ó buwọ́ lu ìwé, ó dárí ji ara rẹ̀ àti àwọn yòókù. Ààrẹ padà dé, ó wọ́gi lé ìdáríjì náà, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ará ìlú dìbò fún àtúnṣe òfin-ìpìlẹ̀ tó ní kí aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pàdánù àga rẹ̀, kí ẹni tó dá dúró sì wọ ẹgbẹ́ kan. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kìíní ọdún 2025, Jotham Napat di olórí ìjọba.

Kí ni iṣẹ́ àwọn baálẹ̀?

Ìgbìmọ̀ wọn ń jẹ́ Malvatumauri. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń fún ìjọba, lórí àṣà, èdè àti ilẹ̀. Wọn kì í ṣòfin. Ní abúlé, ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló ń parí ìjà jù.

Oúnjẹ wo ni wọ́n ń jẹ?

Iṣu, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn. Iṣu tí wọ́n ń kà sí jù ni ewùrà tí a mọ̀ nílé. Láti Éṣíà ni ewùrà ti wá sí Áfíríkà. Fún *laplap*, wọ́n á rin ewùrà, kókò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ewé, wọ́n á da omi àgbọn rínrin sí i, wọ́n á sì bò ó mọ́ àárín òkúta gbígbóná. Kava, tí wọ́n ń fún láti inú gbòǹgbò, ni wọ́n ń mu ní nakamal nírọ̀lẹ́. Ó máa ń mú ẹnu kú, ó sì ń mú ara balẹ̀; kì í ṣe ọtí.

Kí ni wọ́n lọ ṣe ní Kóòtù Àgbáyé?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Port Vila ló mú èrò náà wá ní 2019: kí Kóòtù Àgbáyé ní Hague sọ ojúṣe tí òfin gbé lé àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ nípa ìyípadà ojú ọjọ́. Ìjọba Vanuatu gbé e kiri, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2023, kóòtù sì sọ èrò rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2025: òfin àgbáyé kan orílẹ̀-èdè gbogbo nípá láti dáàbò bo ojú ọjọ́, èyí tó bá kùnà sì lè ní láti san nǹkan dípò ìbàjẹ́ tó fà.

Àṣìṣe wo ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń ṣe?

Wọ́n máa ń pè é ní Tuvalu. Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wọ́n máa ń pe èdè ìbílẹ̀ wọn ní ẹ̀ka Bislama, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ́ ni-Vanuatu, yálà ọ̀kan ni tàbí ẹgbẹ̀rún. Owó wọn ni vatu, kò sì ní ẹyọ tó kéré jù ú lọ bíi kọ́bọ̀: bí ẹ bá rí iye tó ní àmì ìdá lẹ́yìn, ẹni tó kọ ọ́ ṣì í.